Bíréèkì Tó Ń Gbọ̀n Lójú Ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ̀yin ará Ìgbòho tí ẹ ń dá mi dúró lọ́nà ọjà, tí ẹ ń bi mí bí ìlú Ìdànrè ṣe rí, mo ti sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún yín títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn òkúta ibẹ̀ ló wù ú gbọ́, màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta ni mo lọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi Rájí ni mo lọ mú wálé, bíréèkì ọkọ̀ mi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Àbẹ̀kẹ́ oníèlùbọ́. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú ni mo ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra mi, tí mo fi ń kó ọjà lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin àgbà inú yín sì mọ Rájí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní ìhà Oǹdó. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Sìkírátù, ọmọ Ṣakí tí àwọn òbí rẹ̀ náà lọ ṣiṣẹ́ oko lọ́hùn-ún. Ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Sìkírátù, láti ọjọ́ náà ni Rájí kò sì ti wálé mọ́. Lórí fóònù, á ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè á lọ, òmíràn á dé, a kò ní rí i. Àwọn kan nínú ẹbí ní obìnrin mìíràn ló dè é mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gbàgbé ilé. Ìyá wa kì í bá wọn dá sí i. Ojú wọn ti ń ṣú láti bí ọdún mélòó kan, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde ní yàrá mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ mi."

Mo ní màá mú un wá. N kò tún fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn Iléṣà

Ọkọ̀ mi ti ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń sáré tí mo tẹ bíréèkì, pẹ́dàlì á máa ti ẹsẹ̀ mi padà, á gbà fún mi, á tún ti mí padà, léraléra, títí ọkọ̀ á fi dúró. Sìtíárì náà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà mú. Mẹkáníìkì wa nílé ti tú dísìkì iwájú méjèèjì wò, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, tí bíréèkì máa ń fún mọ́ra kí ọkọ̀ tó lè dúró. Ó gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ha ojú wọn títí ó fi tẹ́jú. Ara ọkọ̀ balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbígbọ̀n tún padà dé. Mo ń bá a gbé bí èèyàn ṣe ń bá ẹ̀fọ́rí gbé. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èlùbọ́ kì í sì í kánjú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá Iléṣà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, igbó dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ agbégi kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn. Mo tẹ bíréèkì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí irin náà ṣe ń gbóná ni gbígbọ̀n náà ń le sí i. Ilẹ̀kùn ń dún, ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣubú, eyín mi ń lu ara wọn. Ọkọ̀ náà dúró o, ṣùgbọ́n ó dúró bí ẹni tó ń jiyàn.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì kan wò ó, ó ní páàdì ló ti jẹ tán, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó máa ń há dísìkì láàárín lọ́tùn-ún lósì. Ó pààrọ̀ wọn. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀, ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n má mikàn, wọn á mọ́ ara wọn lára tó bá yá. Mo béèrè ohun tó ń fà á. Ó tún ní kí n má mikàn. Ẹni tó ń tù ọ́ nínú nígbà tí o béèrè ìdí, kò mọ ìdí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo forí lé Ìdànrè.

Mo rò pé òjò ló ṣú

Kòkó ni lọ́tùn-ún, kòkó ni lósì. Mo ya kọ́nà kan báyìí, iwájú mi ṣókùnkùn. Mo rò pé òjò ló ṣú, mo ti nawọ́ láti gbé gíláàsì sókè. Kì í ṣe òjò. Òkúta ni. Àwa náà ní òkè nílé, ewúrẹ́ wa ń gùn ún, ọmọ wa ń gùn ún. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. O kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kí o rí orí rẹ̀, àfi kí o dúró kí o bọ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ bọ́rọ́, omi òjò ti fa ìlà dúdú sí i lára láti òkè délẹ̀. Ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gan-an, páànù wọn ti pọ́n, aṣọ wà lórí okùn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lókè orí wọn.

Mo bi obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ọ̀nà àdúgbò Atosin, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Èdè ìlú wọn ló fi dá mi lóhùn. Yorùbá ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n àwọn ohùn kan wà níbẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde. Mo ń gbọ́ ìdajì, ìdajì ń sá lọ. Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó yí i padà sí Yorùbá tí à ń gbọ́ lórí rédíò. Ó béèrè bóyá Ọ̀yọ́ ni mí. Mo ní Ìgbòho ni mo ti wá, ó jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ó ní ọ̀kan náà ni. Láti ìgbà náà títí mo fi kúrò, Ìyá Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Bọ̀ọ̀lì méjì ló wé fún mi, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní àlejò kì í fi ebi wọ ìlú àwọn.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní àgbàlá tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká lórí sìmẹ́ńtì kó lè gbẹ. Òun náà ti rù díẹ̀, gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, àpá ńlá kan sì wà níwájú orí rẹ̀ tí n kò mọ̀ mọ́ ọn. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò bọ̀rọ̀. Onílé rẹ̀, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adétulà, tó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, jáde wá kí mi bí ẹni pé wọ́n ti ń retí mi láti ọdún tó kọjá.

Wọ́n fún mi lóúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ la kòkó tútù kan, ó ní kí n máa lá ẹran funfun tó bo kóró rẹ̀, kí n má gé e jẹ. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó dà bí èso tí kò tíì pinnu ohun tí òun fẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Adétulà gbé púpùrú ka iwájú mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó funfun, ó ń fà lọ́wọ́, ó sì ní òórùn èéfín díẹ̀ nítorí orí iná ni wọ́n ti ń yan án gbẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ìgbín kún inú rẹ̀ ni mo fi jẹ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń ta èlùbọ́, n kò mọ̀ pé mo lè yó báyẹn láìfi ọwọ́ kàn án.

Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Nígbà tí mo jẹun tán, mo jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá rán mi. Mo ní kó di ẹrù rẹ̀ ká lọ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi mú bọnu. Ó ní, "Mo rí ọkọ̀ rẹ nígbà tí ò ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé. Bí o ṣe fẹ́ dúró, orí rẹ̀ ń mì. Kí ló ń ṣe bíréèkì rẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó jókòó sórí àpò kòkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Ní ọjọ́ tí Sìkírátù kú, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́ ni wọ́n wọ̀. Sìkírátù wà níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, Rájí wà lórí ẹrù. Ó ti wọ ọkọ̀ náà ṣáájú, ó sì ti rí i pé ó máa ń gbọ̀n bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì. Ó béèrè ìdí. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un yìí gan-an ni dírẹ́bà náà sọ: bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ náà kọ̀, kò dúró mọ́. Ibẹ̀ ló ti gba àpá iwájú orí rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti wọ mọ́tò mọ́, kò sì gun ọ̀kadà. Ìyá Adétulà gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sọ́jà, àti pé nígbà tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, wọ́n ní kí àwọn fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, ó rìn débẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìgbàgbé nílé, ẹ̀rù ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

"Ta ni màá sọ fún pé àgbà ọkùnrin ń sá fún mọ́tò?"

Mo jókòó tì í lórí àpò kòkó náà. Ó ní òun náà fẹ́ rí ìyá. Ó ní, "Bí ọkọ̀ yẹn bá dúró láìgbọ̀n, tí mo sì mọ ohun tó ń mú un gbọ̀n, màá wọ̀ ọ́. Àmọ́ má fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú rí."

Mo ní ó dáa. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé bí ó bá gba pé kí n di ará Ìdànrè, màá mọ ohun tó ń ṣe bíréèkì yẹn.

Wáyà

Ìyá Adétulà júwe Ọ̀gá Bánjí fún mi, mẹkáníìkì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, òkúta ńlá kan ló fi ṣe ògiri ẹ̀yìn. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n wa ọkọ̀ náà, òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A dé ibi tó tẹ́jú, ó ní kí n sáré láìtẹ bíréèkì. Kò gbọ̀n, nítorí náà kì í ṣe táyà. Ó ní kí n rọra fa bíréèkì ọwọ́, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń mú. Ọkọ̀ náà rọra falẹ̀, kò gbọ̀n, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó ní kí n wá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Sìtíárì fẹ́rẹ̀ẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi. Ó mi orí, ó ní dísìkì iwájú ni, òun á ní kí wọ́n bá mi ha á.

Mo ní wọ́n ti ha á rí, ó sì padà. Ó ní irin ayé ìsinsìnyí kò lágbára. Mo ní, "Ọ̀gá, bí ilé bá ń jò, tí à ń nu ilẹ̀ rẹ̀, ṣé a ti dí òrùlé?"

Inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn oníbàárà mìíràn ń dúró, kí n lọ kí n padà wá lọ́la. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan. Ó ń dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn, mo jókòó. Òjò rọ̀, omi ń ṣàn lára òkúta bí ẹni pé ẹnìkan da garawa nù lókè, mo sún mọ́ abẹ́ páànù, mo jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá ń fi èdè pijin bá mi ṣàwàdà pé Ìyá Ọ̀yọ́ ti gba iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí òòrùn yọ padà, Ọ̀gá Bánjí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní òun rí i pé n kò ní lọ, kí a kúkú wá ìdí rẹ̀.

Bó ṣe ń fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti oko, àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lókèèrè díẹ̀. Ọ̀gá Bánjí yọ táyà òsì, ó sì dá àwọn nọ́ọ̀tì padà sórí dísìkì kó lè dúró gírígírí. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan yìí, òun kò ní i, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń fi wáyà ṣe é. Ó gé wáyà líle kan, ó dè é mọ́ irin tí kì í yí, ó tẹ orí rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ bíńtín kó kan ojú dísìkì. Ó ní kí n máa wo àlàfo yẹn, kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ yí dísìkì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àdá sílẹ̀. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i.

Dísìkì náà ń yí, àlàfo náà ń fẹ̀, ó ń fún, ó ń fẹ̀. Ibì kan wà tí orí wáyà ti ń ha ojú irin, ẹ ó gbọ́ ọ, ṣẹ̀ẹ̀, lẹ́yìn náà ni irin á tún sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Dísìkì náà kò yí gún, ó ń fì. A yẹ ọ̀tún wò bákan náà, ìyẹn kò fì. Ọ̀gá Bánjí wá yọ dísìkì òsì kúrò pátápátá. Ó tan iná fóònù sí họ́ọ̀bù, ìyẹn orí irin tí dísìkì máa ń jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka rẹ̀ síbẹ̀, ó fi pa á yíká díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń fọwọ́ wo kòkó bóyá ó ti gbẹ. Ó dúró lójú kan. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ibẹ̀. Ìpẹtà ni, ó ti le, ó wú sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan bí èépá ojú egbò.

Ọ̀gá Bánjí jókòó sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wa. Nígbà tí wọ́n ha dísìkì nílé, orí ìpẹtà yìí ni wọ́n dá a padà sí. Ojú dísìkì ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n ibi ìjókòó rẹ̀ kò gún. Bó ṣe ń yí ni apá ibì kan ń fara kan páàdì láìjẹ́ pé mo tẹ bíréèkì, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ibì kan fi tín-ín-rín tí ibòmíràn sì nípọn. Ìgbà náà ni gbígbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tún ha á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí a kò fọ ibi tó jókòó lé, yóò máa padà wá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun náà ti ha dísìkì púpọ̀ rí láìwo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà fọ họ́ọ̀bù náà títí ó fi ń dán. Ó fọ ti ọ̀tún pẹ̀lú. Ó gbé dísìkì méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n bá a ha wọ́n dọ́gba, nígbà tó sì dé, ó tún de wáyà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún yí dísìkì. Àlàfo náà dúró bákan náà yíká. Kò sí ìró kankan. Ẹ̀gbọ́n mi yí i léraléra, ó ń gbọ́ bí kò ṣe sí ìró.

Nígbà tí wọ́n ń dá táyà padà, Ọ̀gá Bánjí fún àwọn nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, ó fún ọ̀kan, ó fò sí èyí tó dojú kọ ọ́, ó tún yípo. Ó ní àwọn fọkanáísà tó máa ń gun orí sípánà, tí wọ́n á fún ẹyọ kan pa kí wọ́n tó kan èkejì, àwọn náà lè fa dísìkì wọ́ kúrò níbi tó gún sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí táyà yín bá jò.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi kò wọ ọkọ̀ náà kíákíá. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n máa wà á lọ, kí n máa wà á bọ̀. Mo ń sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ń dúró níwájú rẹ̀. Ó wo orí ọkọ̀, kò mì. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi, kí ẹsẹ̀ mi lè gbọ́ ohun tí bíréèkì ń sọ. Mo bọ́ ọ. Pẹ́dàlì náà rọ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ilẹ̀ ilé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe títí ọrùn mi fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ó lọ sílé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí à ń lọ, Ìyá Adétulà gbàdúrà yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú agogo kékeré, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Mùsùlùmí sì ń ṣe àmín. Wọ́n di púpùrú fún mi. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mi mú, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ létí mi. N kò sáré. A gun òkè, a dé ṣóńṣó rẹ̀, ọ̀nà sì tẹ̀ síwájú wa sísàlẹ̀ láàárín kòkó.

Ó ní, "Dúró níbí."

Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà dúró láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ó dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. N kò béèrè ibi tí ó jẹ́. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n ń tẹ fèrè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó kọjá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí ti iwájú, ó jókòó tì mí, ó sì ní ká máa lọ.

Kó tó dé ibí ló ti sọ fún mi pé òun á padà nígbà tí kòkó bá pọ́n, nítorí ibẹ̀ ni oko òun wà, ibẹ̀ sì ni Sìkírátù sùn sí. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni màá wà á lọ.

Nígbà tí a wọlé, ìyá nawọ́, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n pa á létí, wọ́n pa á léjìká. Ìka wọn dé ibi àpá iwájú orí rẹ̀, ó dúró. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ bí kò ṣe sọ ọ́ fún èmi pàápàá, nípa Sìkírátù, nípa ohun tó sọ kẹ́yìn. Mo dìde, mo jáde kí n fi wọ́n sílẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ gé, tó ní òun á parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìyá ní, "Jókòó dáadáa, máa sọ ọ́ lọ. Èmi kò níbi tí mò ń lọ."